Bẹ́ẹ Ṣe Lè Tú Ìwé Fourth Wing Palẹ̀ Láì Kàn Máa Tún Ìtàn Ẹ̀ Sọ

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ló fi iṣẹ́ tó fẹ́ gbé fún tíṣà ẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó, ọ̀la ni wọ́n fẹ́ gbà á." Ojú ewé mẹ́rin ni. Mo kà á tán, mo mí kanlẹ̀. Violet ṣe báyìí, Violet tún ṣe báyìí, ó wá rí dírágónì, òun àti bọ̀ọ̀bọ́ yẹn wá fẹ́ràn ara wọn, wọ́n wá jagun, ó parí. Mo ní ọmọ dáadáa, ìtàn lo tún sọ fún mi o, èmi náà ṣáà ti ka ìwé ọ̀hún. Ohun tí wọ́n bi ẹ́ ni bí ẹni tó kọ ọ́ ṣe hun ún tó fi gbé ẹ lọ́kàn débi tóò fi lè sùn. Ó ní, "Ṣé kì í ṣe nǹkan kan náà ni?" Kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Ẹni tó jẹ àmàlà tán tó ní ó dùn, àti ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe rò ó tí ò fi ní kókó, ṣé ìkan náà làwọn yẹn ni?

Ohun tí mo ṣàlàyé fún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí, torí mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́.

Fún ẹni tí ò tíì kà á: Rebecca Yarros, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, ló kọ Fourth Wing, ó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìkejì ẹ̀, Iron Flame, tẹ̀lé e ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn náà, ìkẹta, Onyx Storm, wá dé ní oṣù kìíní 2025. Ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń kọ́ bí wọ́n ṣe máa gun dírágónì lọ sójú ogun ni. Kí n tó tẹ̀ síwájú, màá sọ bó ṣe parí o, kò sí béèyàn ṣe lè tú ìwé palẹ̀ kó tún máa fi ìparí ẹ̀ pamọ́, tẹ́ẹ bá ṣì ń kà á lọ́wọ́ ẹ lọ parí ẹ̀ ná kẹ́ẹ padà wá. Àti pé àgbàlagbà ló kọ ọ́ fún. Dírágónì tó wà níbẹ̀ ò gbọdọ̀ tàn yín jẹ kẹ́ẹ lọ rà á fún ọmọ ọdún mọ́kànlá, àwọn ibi kan wà nínú ẹ̀ tẹ́ẹ máa yára ṣí kọjá tí ìyá yín bá jókòó tì yín.

Ó yá. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ti àkọ́kọ́, ẹ gbádùn ẹ̀, ẹ má mú bíró dání, ẹ jẹ́ kó gbé yín lọ, torí tí ò bá gbé yín lọ ẹ ò ní mọ ibi tó ti gbé yín. Ìgbà kejì lẹ máa wá mú bíró. Kẹ́ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì yẹn, ẹ wá okùn kan ṣoṣo tẹ́ẹ máa fà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí. Wọ́n á kọ ibùdó ìtàn, wọ́n á kọ ẹ̀dá ìtàn, àhunpọ̀ ìtàn, kókó ọ̀rọ̀, ọnà èdè, bí ìgbà téèyàn ń kọ ohun tó fẹ́ rà lọ́jà sílẹ̀, ata, àlùbọ́sà, epo, ìkan ò mọ ìkejì. Ẹni tó ń kà á á máa wò ó pé ọbẹ̀ dà?

Okùn tí èmi mú nínú ìwé yìí, ìwé ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nínú ìtàn tí dírágónì ti ń yọ iná lẹ́nu, bébà ni mo tẹ̀lé, ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, ẹni tó kọ ọ́, àti ohun tí wọ́n yọ kúrò. Violet Sorrengail, ọmọ ogún ọdún tó jẹ́ olú ẹ̀dá ìtàn, akọ̀wé ni bàbá ẹ̀, àárín ìwé ló tọ́ ọ dàgbà sí, akọ̀wé lòun náà ti múra láti jẹ́ kí bàbá tó kú. Ìyá ẹ̀ tó jẹ́ Jẹ́nẹ́rà ló ní kò sóhun tó jọ ọ́, ó gbọ́dọ̀ lọ sí ẹ̀ka àwọn tó ń gun dírágónì bíi ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì, àti Brennan tí gbogbo ayé gbà pé ó ti kú, àti Mira. Nítorí náà láti ojú ewé àkọ́kọ́, ìjà bébà àti idà ti wà nílé. Tẹ́ẹ bá ti di ìyẹn mú, gbogbo ohun tí tíṣà ní kẹ́ẹ kọ á máa wá bá yín fúnra wọn.

Ẹ jẹ́ ká mú ibùdó ìtàn. Ẹ má kọ pé "Navarre ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀" kẹ́ẹ wá fi àmì ìdánudúró síbẹ̀. Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ ni pé kí ni ibẹ̀ ń fi èèyàn ṣe? Ilé ẹ̀kọ́ ogun ni Basgiath, ẹ̀ka mẹ́rin ló ní, àwọn tó ń gun dírágónì, àwọn akọ̀wé, àwọn oníwòsàn àti àwọn sójà ẹlẹ́sẹ̀. Nínú ẹ̀ka dírágónì yìí, akẹ́kọ̀ọ́ ń kú bí ẹni pé kò sí nǹkan, láràárọ̀ ni wọ́n máa ń pe orúkọ àwọn tó kú, wọ́n á pè é tán, wọ́n á lọ jẹun. Yàtọ̀ síyẹn, gbogbo orílẹ̀-èdè Navarre yìí ló wà nínú ààbò kan tí wọ́n fi agbára ṣe yí i ká, ohun tí wọ́n sì sọ fún aráàlú ni pé ààbò yẹn ló ń dènà àwọn ọ̀tá tó ń gun gírífónì, ẹranko abìyẹ́ kan, láti Poromiel, ìjọba kejì tí wọ́n jọ ń jagun. Ẹ fàlà sábẹ́ ìyẹn. Ògiri tó bá ń dènà ọ̀tá lè máa dènà ìròyìn náà. Ibùdó ìtàn ti di ọ̀rọ̀ ìwé padà nìyẹn, àbí ẹ ò rí i?

Ohun tí màá fẹ́ kẹ́ẹ ṣe gan-an gan ni kẹ́ẹ mú ìran kan ṣoṣo, kẹ́ẹ jókòó tì í títí yóò fi sọ ohun tó ní fún yín. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ́ kó gbogbo ìwé náà pọ̀ sínú ojú ewé mẹ́rin, mo ní rárá, Parapet nìkan tó ẹ.

Parapet yìí, afárá òkúta kan ni, fífẹ̀ ẹ̀ ò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, kò sí ohun téèyàn lè dì mú lọ́tùn-ún lósì, ọ̀gbun ló wà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé sí ẹ̀ka dírágónì gbọ́dọ̀ rìn ín sọdá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nínú atẹ́gùn, nínú òjò. Ẹni tó bá jábọ́ ti lọ nìyẹn. Kí wọ́n tó gùn ún, Violet rí i pé bàtà ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá pàdé lórí ìlà, Rhiannon, ń yọ̀ nílẹ̀, tiẹ̀ sì dúró dáadáa, ló bá ní kí àwọn jọ pààrọ̀ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ kan tèmi fún ẹ, ẹsẹ̀ kan tìẹ fún mi. Bọ̀ọ̀bọ́ kan tí wọ́n jọ ń tàkúrọ̀sọ níbẹ̀, tí ń rò nípa àfẹ́sọ́nà tó fi sílẹ̀ nílé, bọ́ sórí afárá kò dé òdìkejì. Lẹ́yìn Violet, Jack Barlowe, ọmọ burúkú kan, ń bọ̀, ó sì ti fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun máa mú un. Kí ni Violet ń ṣe lórí afárá kí ẹ̀rù má bàa pa á? Ó ń ka ohun tó ti há sórí, ìtàn ìlú, ìjọba méjì tó wà, ogun tó ti lé ní irínwó ọdún, bí ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ lẹ́nu tíṣà.

Ó yá, ẹ wo iṣẹ́ tí ìran kékeré yẹn ń ṣe. Bàtà: òǹkọ̀wé ò sọ fún wa pé "Violet láàánú," ó jẹ́ kó bọ́ bàtà. Béèyàn ṣe ń kọ́ ẹ̀dá ìtàn nìyẹn, ohun tó ṣe ló máa sọ irú ẹni tó jẹ́, tẹ́ẹ bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé aláàánú ni, ẹ fi bàtà gbè é lẹ́yìn. Tún wò ó, fífún èèyàn ní bàtà tó dáa níbi tó lè pa ẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tó jẹ́ pé bí ẹlòmíì bá kú ó rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, ìwà yẹn ta ko òfin ibẹ̀. Ìforígbárí láàárín òun àti ibùdó ìtàn ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì yọ idà. Bọ̀ọ̀bọ́ tó jábọ́ yẹn náà, ẹ ṣàkíyèsí pé òǹkọ̀wé fi sùúrù jẹ́ ká mọ ọ̀rọ̀ àfẹ́sọ́nà ẹ̀ kó tó pa á, ká lè mọ̀ pé kò sẹ́ni tí ò lè kú nínú ìwé yìí. Látìgbà yẹn lọ ẹ̀rù á máa bà wá fún gbogbo ẹni tá a bá ti fẹ́ràn. Iṣẹ́ tó ṣe nìyẹn, ó ti gba owó ìfura lọ́wọ́ wa sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ohun tó ń há sórí yẹn. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kà á, mo rò pé ọgbọ́n ni òǹkọ̀wé ń dá láti fi ìtàn ìlú náà tó wa létí kíákíá, ọgbọ́n náà ni lóòótọ́, ó dáa ju kí bàbá arúgbó kan jókòó máa rò ó fún ọmọdé. Nígbà tí mo padà kà á lẹ́ẹ̀kejì, tí mo ti mọ ìparí, ara mi bù máṣọ. Ohun tó ń kà yẹn, ohun tí ìjọba ní kí wọ́n kọ́ wọn ni. Irọ́ wà nínú ẹ̀. Ọmọ yìí ń fi irọ́ ṣe ọ̀pá ìtìlẹ̀ sọdá afárá, kò mọ̀, àwa náà ò mọ̀, a sì gbà á gbọ́ torí pé ohùn tó fi sọ ọ́ dá a lójú. Ẹ̀fẹ̀ tó korò ni, pé ohun tí ẹ̀dá ìtàn ń sọ ní ìtumọ̀ míì tí òun fúnra ẹ̀ ò rí. Ẹyọ ìyẹn nìkan, ẹ lè kọ ojú ewé kan lé e.

Àwọn ẹ̀dá ìtàn ńkọ́? Ẹ má kọ gbogbo wọn, wọ́n ti pọ̀ jù. Violet ni kẹ́ẹ dúró tì. Ara ẹ̀ ò lágbára, oríkèé ẹ̀ máa ń yẹ̀, egungun ẹ̀ rọrùn láti dá. Yarros fúnra ẹ̀ ti sọ ní gbangba pé òun ní àìsàn tí wọ́n ń pè ní Ehlers-Danlos, ohun tó sì fún Violet fara jọ ọ́. Nítorí náà kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ ká ṣàánú ẹ̀. Ẹ wo bí Violet ṣe ń borí: kí wọ́n tó jà, ó ti mọ ẹni tí wọ́n máa fi kò ó lójú, ó ti wá ewé àti èso tó ní májèlé kékeré, ó ti dọ́gbọ́n fi sí oúnjẹ onítọ̀hún, inú á kàn máa run ẹni yẹn tàbí kí apá ẹ̀ wúwo. Ìwé ló ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n dé Gauntlet, ibi tí wọ́n ti ń gun òkè bí ọ̀bọ, apá ẹ̀ ò gbé e dé òkè pátápátá, ló bá fa ọ̀bẹ yọ, ó fi gún ibi tó kẹ́yìn yẹn ó gùn ún lọ. Wọ́n ní ó ṣe màgòmágó. Ó ní ẹ dúró ná, òfin inú ìwé Codex sọ pé ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé sọdá Parapet ti di ara ẹ̀, ọ̀bẹ mi wá ńkọ́? Ẹnu gbogbo wọn wọhò. Ìran yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìwé náà, ju ìgbà tó rí dírágónì lọ pàápàá, torí ọmọ akọ̀wé ló jà níbẹ̀.

Ọjọ́ tó rí dírágónì náà dáa o, mi ò sọ pé kò dáa. Threshing ni wọ́n ń pe ọjọ́ yẹn, dírágónì ló ń yan èèyàn, èèyàn ò yan dírágónì. Violet lọ gbèjà dírágónì kékeré aláwọ̀ wúrà kan tí Jack àtàwọn míì fẹ́ pa torí wọ́n ní ó kéré jù, ni Tairn, dírágónì dúdú ràgàjì kan, bá sọ̀ kalẹ̀ tó yàn án, dírágónì kékeré náà sì tún yàn án. Ẹni kan, dírágónì méjì. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ẹ má kàn kọ pé oríire ni. Ẹ padà sí bàtà Rhiannon, ìwà kan náà ni, ìgbà àkọ́kọ́ ó náwó, ìgbà kejì ó gbèrè.

Xaden Riorson, ìyẹn ọmọkùnrin tí gbogbo àwọn olólùfẹ́ ìwé ń tìtorí ẹ̀ pariwo. Bàbá ẹ̀ ló ṣe olórí ọ̀tẹ̀ sí ìjọba Navarre, wọ́n pa á, ìyá Violet sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀. Àpá mẹ́tàdínláàádọ́fà ló wà lẹ́yìn Xaden, ìkan fún ọmọ ọlọ̀tẹ̀ kọ̀ọ̀kan tó ṣe onígbọ̀wọ́ fún. Ẹ rí i bí? Ẹ̀yìn ẹ̀ náà ti di ìwé. Wọ́n kọ gbèsè sí i lára. Tẹ́ẹ bá ń wá àrokò, ẹ má wá a jìnnà, àpá yẹn rèé, àti àmì dúdú tó wà lára gbogbo àwọn ọmọ ọlọ̀tẹ̀, ìwé tí wọn ò lè pa rẹ́ bí wọ́n ṣe pa ti ilé ìkówèé rẹ́.

Ẹni tó ń sọ ìtàn ni ẹ tún gbọ́dọ̀ wò. Violet ló ń sọ ọ́, "èmi," bí nǹkan ṣe ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ báyìí ló ń sọ ọ́. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ohun tó bá pa á lára ń pa wá lára. Ewu ẹ̀ ni pé ohun tí ò bá mọ̀ àwa náà ò lè mọ̀, tó bá fọkàn tán èèyàn a máa fọkàn tán an. Orí tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n ti gba ẹnu ìtàn lọ́wọ́ ẹ̀ tí Xaden wá ń sọ ọ́, ìyàlẹ́nu ló máa jẹ́ téèyàn ò bá fura. Ẹ bi ara yín pé kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀ yẹn. Èrò tèmi ni pé Violet ti fara gbọgbẹ́, kò lè sọ ìtàn, ẹni tó sì ti ń purọ́ fún un látọjọ́ yìí la wá wọ inú ọkàn ẹ̀ lọ, lásìkò gan-an tí irọ́ ẹ̀ tú.

Bẹ́ẹ ṣe ń ka ìwé yẹn, ṣé ẹ ka ojú ewé kan tó wà níwájú pátápátá, kí orí kìíní tó bẹ̀rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ń ṣí i kọjá ni. Ó sọ níbẹ̀ pé Jesinia Neilwart, tó ń tọ́jú ìwé ní ẹ̀ka àwọn akọ̀wé Basgiath, ló tú ìtàn yìí láti èdè Navarre sí èdè òde òní. Nínú ìtàn gan-an, Jesinia ni akẹ́kọ̀ọ́ akọ̀wé kan, ọ̀rẹ́ Violet, adití ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ó ti ta wá lólobó níwájú ìwé pé Jesinia máa wà láàyè, ó sì máa di ẹni ńlá, nínú ìwé tí wọ́n ti ń pa èèyàn bí eṣinṣin! Ẹni tó bá ti ka Fágúnwà ò ní jẹ́ kí ìyẹn yà á lẹ́nu, nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tó jáde ní 1938, Àkàrà-Oògùn ló ń sọ ìtàn, ẹlòmíì ló jókòó tó ń fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtàn nínú ìtàn ni. Ìbéèrè tó yẹ kẹ́ẹ bi ni pé tó bá jẹ́ Jesinia ló tú u, ọ̀rọ̀ ta ló tú? Níbo ni Violet ti kọ "èmi" yẹn sílẹ̀? Ìwé náà ò dáhùn ẹ̀, ẹ má dáhùn ẹ̀ tipátipá, ẹ kàn fi hàn pé ẹ rí i. Tíṣà fẹ́ràn irú ẹ̀.

Lókè orí kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kúkurú kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n ní àwọn mú látinú ìwé míì, òfin Codex ni àbí ìwé ìtàn ìlú, tàbí ìwé tí Brennan kọ fún Mira láti fi là á lọ́yẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe nìyí, ẹ̀yin náà ẹ ṣe é, kì í gbà ju wákàtí kan lọ: ẹ mú bébà ńlá kan, ẹ da gbogbo ọ̀rọ̀ òkè orí yẹn kọ síbẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wọ́n ti mú un. Ẹ máa rí i pé ti Codex ń pàṣẹ, ti ìwé ìtàn ń yin ìjọba, ti Brennan ló ń sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an, ẹ̀gbọ́n ń bá àbúrò sọ òótọ́. Ẹ wá fi ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú orí náà wé ohun tó wà lókè ẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti tako ara wọn, ẹ dúró níbẹ̀, owó wà níbẹ̀.

Olobó ni mo fẹ́ràn láti máa wá jù, ọ̀nà tí mo ń gbà wá a ni pé ẹ̀yìn ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sí ìparí, ẹ kọ ohun ìyàlẹ́nu tó wà níbẹ̀ sílẹ̀, kẹ́ẹ wá máa rìn padà wá síwájú kẹ́ẹ wo ibi tó ti kọ́kọ́ yọ orí. Ní ìparí, a rí i pé àwọn venin, àwọn tó ń fa agbára látinú ilẹ̀ tí ilẹ̀ á gbẹ, tí wọ́n ní àlọ́ lásán ni, wà lóòótọ́, wọ́n sì ń pa èèyàn lẹ́yìn ààbò yẹn nígbà tí Navarre ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ẹ rìn padà. Bàbá Violet máa ń ka ìwé àlọ́ kan fún un ní kékeré tó dá lé àwọn venin yìí gan-an, Violet wá dé ibi kan nínú ìtàn tó wá ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ìkówèé tó tóbi jù nílùú, kò sí níbẹ̀. Ìwé àlọ́ ọmọdé, tí wọ́n yọ kúrò! Ta ló ń fi àlọ́ pa mọ́? Òǹkọ̀wé ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wa níbẹ̀, ojú ìfẹ́ ni ò jẹ́ ká rí i.

Ìkejì, Dain, ọ̀rẹ́ Violet láti kékeré. Agbára tó ní ni pé tó bá fọwọ́ kàn ẹ́, ó lè rí ohun tójú ẹ rí láìpẹ́. Ọwọ́ sì rèé, gbogbo ìgbà ló máa ń fi di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Violet mú, a rò pé ìfẹ́ ni. Ẹ fi bíró ka iye ìgbà tó fọwọ́ kàn án lójú, ẹ wá ka ìparí. Orí yín á wú. Ìkẹta, orúkọ. Tairn ni wọ́n ń pe dírágónì dúdú yẹn, ṣùgbọ́n Tairneanach ni orúkọ ẹ̀ ní kíkún, ọ̀rọ̀ Gẹ́líìkì ilẹ̀ Scotland ni, ohun tó túmọ̀ sí ni àrá. Agbára wo ni Violet padà ní? Mànàmáná. Àwa tá a ní orúkọ ń roni, ó yẹ ká ti fura.

Ọ̀rọ̀ orúkọ náà ló kan àkọlé. Wing nínú Fourth Wing, ìyẹ́ dírágónì kọ́ nìkan, bí wọ́n ṣe ń pín àwọn ọmọ ogun ibẹ̀ náà ni, ìpín kẹrin ni Violet wà, Xaden ni olórí ẹ̀. Xaden tún máa ń pè é ní Violence, ó fi Violet ṣeré, òdòdó di ìwà ipá. Eré ọ̀rọ̀ yìí ò ṣeé tú sí Yorùbá láéláé, mo ti gbìyànjú.

Èdè ẹ̀ ńkọ́? Kí n má purọ́, kò fi bẹ́ẹ̀ dá mi lọ́rùn. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ yunifásítì Amẹ́ríkà òde òní, wọ́n ń bú èébú òde òní, nínú ìlú tó jẹ́ pé idà ni wọ́n fi ń jà, ó máa ń já mi. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ibẹ̀ náà, irun Xaden, ojú Xaden, a ti gbọ́ o. Ẹ lè kọ irú nǹkan báyìí sínú iṣẹ́ yín, kò sẹ́ni tó ní gbogbo ohun tẹ́ẹ bá sọ nípa ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyìn, kẹ́ẹ ṣáà ti mú ẹ̀rí wá. Ẹlòmíì á sọ pé èdè òde òní yẹn ló jẹ́ kí ìwé náà sáré, òótọ́ ni òun náà ń sọ.

Tó bá kan kókó ọ̀rọ̀, ẹ má kọ ọ̀rọ̀ kan péré. "Ogun" kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀, "ìfẹ́" kì í ṣe kókó ọ̀rọ̀, orí ọ̀rọ̀ lásán ni wọ́n. Gbólóhùn odidi ni, tí ẹlòmíì lè bá yín jiyàn lé lórí. Tèmi ni pé nínú ìwé yìí, ìjọba tó bá di ìwé ìtàn mú ò nílò láti fi dírágónì dá àwọn ọmọ ẹ̀ lẹ́kun. Ẹ lè ní tiyín yàtọ̀. Ẹnì kan lè mú gàárì tí wọ́n ṣe fún Violet kó lè jókòó lórí Tairn láì jábọ́, tí àwọn kan ń fi ojú ìtìjú wò, kó sì sọ pé ọ̀rọ̀ ìwé náà dá lórí kí ara tí ò pé gba ìrànlọ́wọ́ láì tijú. Ó bójú mu gan, kó ṣáà fa okùn gàárì yẹn dé orí gbogbo ohun tó bá kọ.

Tẹ́ẹ bá wá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, ohun tí mo rí nínú iṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìyí: "Òǹkọ̀wé lo ibùdó ìtàn dáadáa torí ó jẹ́ ká mọ̀ pé Basgiath léwu." Ó léwu, lẹ́yìn náà ńkọ́? Mo ní kó tún un kọ, kó sọ ohun tí òǹkọ̀wé ṣe, ibi tó ti ṣe é, àti ohun tó ń fi ìyẹn wá. Ó kọ́kọ́ kọ nǹkan tó gùn bí ọdún, mo ní gé e, ó wá di: "Violet ń ka ìtàn ìlú lórí Parapet bí ẹni ń gbàdúrà. Ohun tó ń kà ò jóòótọ́ tán, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀, nítorí náà àwa náà jọ bá a gbára lé e." Ẹ wo ìyàtọ̀. Tẹ́ẹ bá fẹ́ mú ọ̀rọ̀ látinú ìwé, ẹ mú díẹ̀, ìlà kan, kẹ́ẹ kọ ojú ewé ẹ̀, kẹ́ẹ wá fi ìlà mẹ́rin sọ̀rọ̀ lé e lórí. Kì í ṣe ìlà mẹ́rin tiwọn, ìlà kan tiyín.

Ó ku ìdajì wákàtí kí aago méjì òru lù, mo ti fẹ́ pa fóònù, ni ó tún tẹ̀ mí láago. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ṣé ẹ rántí pé kí Violet tó lọ sí Parapet, Mira tú báàgì ẹ̀, ó sì kó àwọn ìwé inú ẹ̀ jù sílẹ̀ torí pé wọ́n máa wúwo jù lórí afárá?" Mo ní mo rántí. Ó ní, "Ìwé yẹn náà ṣáà ló ń kà lórí afárá."

Mo dìde jókòó. Mo ní lọ kọ ọ́ sílẹ̀ kó o tó gbàgbé.